Ìbọn ní Bawaleshie, Ìbò ní Legon: Ogún Ọdún Ayawaso West Wuogon

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, ọdún 2019, ìró ìbọn gba àdúgbò La Bawaleshie kan ní ìlú Accra, ní wákàtí tí àwọn ará àdúgbò ń tò láti dìbò. Ìdìbò ọjọ́ náà kì í ṣe ti ààrẹ. Kì í tilẹ̀ ṣe ti gbogbo Gánà. Ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo nínú 275 ni, Ayawaso West Wuogon, tí aṣojú rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti kú ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹgbẹ́ NPP tó wà lórí àlééfà ló ni àga náà tẹ́lẹ̀. Aṣòfin 169 ni ẹgbẹ́ náà kó wọlé ní ìdìbò ọdún 2016. NDC, ẹgbẹ́ alátakò, kó 106. Bí NPP bá pàdánù àga kan yìí, kò sí ohun tí yóò yẹ̀ nínú agbára rẹ̀ láti ṣòfin. Síbẹ̀, àwọn ọkùnrin tó fi aṣọ bojú, tí wọ́n gbé ìbọn dání, jáde ní ọjọ́ náà ní orúkọ ìjọba.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn láti máa yin Gánà lẹ́yìn gbogbo ìdìbò. Wọn a ní ẹ wo bí ẹni tó fìdí rẹmi ṣe pe ẹni tó wọlé lórí fóònù, ẹ wo bí àjọ elétò ìdìbò wọn ṣe ń kéde èsì láìsí ariwo. Ìyìn náà tọ́ lápá kan. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹkùn ìdìbò kan yìí, láti ọdún 2004 títí di 2024, fi hàn pé ohun tí a ń yìn kọ́ ló tún nǹkan ṣe nígbà tí nǹkan bàjẹ́. Ìgbìmọ̀ olùwádìí jókòó, ìjọba da ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ nù. Wọ́n ṣe òfin tuntun, òfin náà wà nínú ìwé. Àwọn olùdìbò nìkan ló ṣe ìṣirò náà dé òpin, ó sì gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí a ń sọ. Ayawaso West Wuogon wà ní apá àríwá ìlú Accra. Yunifásítì Gánà ní Legon wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú ọgbà. East Legon wà níbẹ̀, níbi tí àwọn olówó, àwọn gbajúmọ̀ òṣèré, àwọn agbábọ́ọ̀lù àti ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ṣí lọ sí Gánà kọ́lé sí tàbí háyà ilé sí. Dzorwulu àti Abelemkpe náà wà níbẹ̀, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Láàárín àwọn ògiri gíga wọ̀nyí ni àwọn àdúgbò bí Okponglo, Shiashie àti Bawaleshie há sí, níbi tí ilé ti fara kan ilé, tí obìnrin ń dín ẹja lẹ́bàá títì, tí ọlọ́kadà àti oníbẹ́ǹdà ń gbé.

Ẹni tó bá fẹ́ wọlé níbí gbọ́dọ̀ bá irú ènìyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀ tí ọ̀nà wọn kì í pàdé: olówó tí kì í fẹ́ tò nínú oòrùn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣeé ṣe kó ti lọ sí ìlú rẹ̀ ní ọjọ́ ìdìbò, àti ará Okponglo tó máa ń dé ibùdó ìdìbò kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìbò sábà máa ń ka irú ẹkùn báyìí sí ti àwọn ọ̀làjú tí wọ́n ń fi ọgbọ́n orí dìbò. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń tò ló ń yan aṣojú, àwọn tó sì ń tò kì í sábà jẹ́ àwọn tó ni ògiri gíga.

NPP di ẹkùn náà mú fún ogún ọdún gbáko. Frema Osei-Opare ló borí níbẹ̀ ní ìdìbò ọdún 2004, ó sì ṣe aṣojú fún sáà méjì, títí di oṣù Kìíní ọdún 2013. Òun náà ló wá di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ nílé ààrẹ, nígbà ìjọba Nana Akufo-Addo. Emmanuel Kyeremateng Agyarko, apòògùn tó ti ṣe ọ̀gá àgbà àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Gánà, ló tẹ̀lé e. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun kan: ní ọdún 2008 àti 2012, NDC ló gba ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n Ayawaso West Wuogon kò kúrò lọ́wọ́ NPP. Ẹkùn tó lè dúró ti ẹgbẹ́ kan nígbà tí ẹgbẹ́ náà wà ní òde kì í ṣe èyí tí ẹgbẹ́ náà ní láti fi ìbọn ṣọ́ nígbà tó wà nínú ilé.

Agyarko kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fa opó rẹ̀, Lydia Seyram Alhassan, kalẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀. NDC fa Delali Kwasi Brempong kalẹ̀. Ìdìbò àfirọ́pò ni, irú èyí tí àwọn ènìyàn kì í kọbi ara sí púpọ̀ níbi gbogbo ní ayé. Opó tí àánú rẹ̀ ṣì wà lára àwọn ènìyàn, ẹgbẹ́ tó ní owó ìjọba lọ́wọ́, ẹkùn tó ti jẹ́ tiwọn láti ọdún mẹ́rìnlá: ta ni yóò bá wọn dù ú?

Ṣùgbọ́n ìbọn ró. Ẹ̀bá ilé olùdíje NDC ní Bawaleshie ló ti ṣẹlẹ̀, ọta sì ba àwọn ènìyàn. Àwọn tó yìn ín wà lára ẹ̀ṣọ́ tí ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ètò ààbò orílẹ̀-èdè kó jáde, wọn kì í ṣe ọlọ́pàá tí àwọn ará ìlú mọ̀. Níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán, ọ̀kan nínú wọn gbá Sam George létí, aṣòfin NDC tó ń ṣojú Ningo-Prampram. Ìjọba wí lẹ́yìn náà pé ohun ìjà tí wọ́n gbọ́ pé ó wà nínú ilé kan ní àdúgbò náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń wá lọ. Ó ṣòro láti lóye ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti yan ọjọ́ ìdìbò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti ìdí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọba fi ní láti bojú ní ọ̀sán gangan.

Kí ọjọ́ tó kanrí ni NDC ti kéde pé òun fà sẹ́yìn. Ìdìbò ń lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Lydia Alhassan ní ìbò 12,041, Brempong ní 5,341. Iye àwọn tó jáde kò tó 20 nínú 100 àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Nínú ènìyàn márùn-ún, mẹ́rin ló jókòó sílé. Lóòótọ́, ìdìbò àfirọ́pò kì í fa èrò, a kò sì lè sọ pé ìbọn nìkan ló lé gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti múra láti jáde lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀, tó wá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ń yìnbọn ní Bawaleshie, kò ní ìdí kankan láti wọ bàtà mọ́. NPP mú àga tí kì bá ti pàdánù, ó sì fún àwọn alátakò rẹ̀ ní ìtàn tí wọn yóò máa sọ títí. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí kò dára kí a fò. Ní ọjọ́ tí wọ́n búra fún aṣòfin tuntun náà, àwọn aṣòfin NDC jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn, wọ́n sì gbé pátákó tó pè é ní opó ẹlẹ́jẹ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní oṣù mẹ́ta! Kò sí ẹni tó fi ẹ̀rí kankan hàn pé òun ló pàṣẹ fún ẹ̀ṣọ́ láti yìnbọn. Àwọn tó pàṣẹ wà ní ọ́fíìsì, wọ́n ní orúkọ àti ipò, ṣùgbọ́n obìnrin tó wà nítòsí ni wọ́n rí bú. Òṣèlú wa ní Nàìjíríà kún fún irú ìbínú tó ṣìnà bẹ́ẹ̀ náà.

Ohun tí Gánà ṣe lẹ́yìn èyí yẹ fún oríyìn, ó kéré tán ní ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Ààrẹ Akufo-Addo gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀. Adájọ́ Emile Short ni alága. Ọ̀jọ̀gbọ́n Henrietta Mensa-Bonsu àti ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, Patrick Acheampong, wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n jókòó ní gbangba. Tẹlifíṣọ̀n gbé e jáde, gbogbo Gánà sì rí i bí àwọn ọ̀gá ètò ààbò ṣe ń dáhùn ìbéèrè bí ọmọ ilé ìwé. Bryan Acheampong, tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ètò ààbò orílẹ̀-èdè, jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ pé òun ló fọwọ́ sí i kí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà jáde. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019 kan náà, ìgbìmọ̀ náà ti fi iṣẹ́ rẹ̀ jíṣẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n bá mínísítà náà wí. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹni tó gbá aṣòfin létí lọ sílé ẹjọ́.

Ibi tí oríyìn náà parí sí nìyí. Nígbà tí ìwé ìpinnu ìjọba jáde, èyí tí àwọn olóṣèlú ń pè ní White Paper, ìjọba gba díẹ̀, ó sì kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbá tó ṣe pàtàkì jù. Wọn kò bá mínísítà náà wí. Ní ọdún 2023, ààrẹ tún fi í ṣe mínísítà fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ohun tó kù ni òfin tuntun tí ilé ìgbìmọ̀ ṣe ní ọdún 2019 náà láti gbógun ti àwọn ẹgbẹ́ jàǹdùkú òṣèlú, òfin tí wọ́n ń pè ní Act 999. Òfin náà pọn dandan. NPP ní àwọn ẹgbẹ́ bí Delta Force àti Invincible Forces, NDC ní Hawks. Ní ọdún 2017, àwọn ọmọ Delta Force tilẹ̀ ya wọ ilé ẹjọ́ ní Kumasi láti gba àwọn ènìyàn wọn lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin náà ṣe: ó dojú kọ ọmọ ìta tó wọ fáńtì ẹgbẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba ló dé Bawaleshie.

Ọdún 2020 dé. NDC kò fa Brempong kalẹ̀ mọ́. John Dumelo ni wọ́n fà kalẹ̀, òṣèré tí àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ̀ dáadáa, nítorí ó ti kópa nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí Gánà àti Nàìjíríà jọ ń wò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òṣèré ni, kí ló mọ̀ nínú òfin? Ṣùgbọ́n Dumelo mọ ẹkùn náà ju bí wọ́n ti rò lọ. Ó wọ Okponglo, ó wọ Shiashie, ó wọ ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí gbogbo wọn lè pè, tó túmọ̀ sí pé mo wà fún yín. Ọmọ tó bá ṣí apá ni à ń gbé.

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, Lydia Alhassan ní ìbò 39,851. Dumelo ní ohun tó lé ní 37,000. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì lé ní 2,000.

Ẹ fi èyí wé èsì ọdún 2019. Ìbò NPP ju ìlọ́po mẹ́ta lọ díẹ̀. Ti NDC di ìlọ́po méje. Òǹkàwé tó mọ ìṣirò yóò sọ pé kò tọ́ láti fi ìdìbò àfirọ́pò tí ẹgbẹ́ kan fà sẹ́yìn nínú rẹ̀ wé ìdìbò gbogbogbò, òótọ́ sì ni. Ohun tí iye wọ̀nyí fi hàn kò ju pé àwọn tó jókòó sílé ní ọjọ́ ìbọn kò kú, wọn kò sì kó kúrò ní àdúgbò. Wọ́n wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn tó lọ sí ọ̀dọ̀ NDC pọ̀ ju àwọn tó lọ sí ọ̀dọ̀ NPP lọ.

Ìyàtọ̀ ìbò náà sì wúwo ju bí ẹnikẹ́ni ti lè rò lọ. Èsì gbogbo Gánà ní ọdún náà fún NPP ní aṣòfin 137, ó fún NDC ní 137, ẹnì kan sì wọlé láìsí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan, aṣojú Fomena, tó padà dara pọ̀ mọ́ NPP. Ká ní Dumelo ló wọlé ni, NDC ì bá ní 138, òun ni ì bá sì pọ̀ jù nílé ìgbìmọ̀. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ì bá gba ọ̀nà mìíràn: òru rúdurùdu ti oṣù Kìíní ọdún 2021 tí wọ́n fi yan Alban Bagbin ní olórí ilé, tí aṣòfin kan já ìwé ìbò gbà tí àwọn sójà sì wọ gbọ̀ngàn, ìjà tí àwọn aṣòfin fi ọwọ́ ja ara wọn ní oṣù Kejìlá ọdún náà lórí owó orí tí ìjọba fẹ́ máa gbà lórí owó tí ènìyàn bá fi fóònù ránṣẹ́, àti bí owó orí náà, ìdá 1.5 nínú 100, ṣe padà di òfin ní oṣù Kẹta ọdún 2022 lẹ́yìn tí NDC ti jáde kúrò nínú ilé. Olówó East Legon tí kò jáde láti tò lọ́jọ́ ìdìbò san owó orí yẹn lórí fóònù rẹ̀ bíi ti ìyá alẹ́ja ní Okponglo.

Bí nǹkan ṣe yí po nìyẹn. Ní ọdún 2019, àga náà kò já mọ́ nǹkan kan nínú ìṣirò ilé ìgbìmọ̀, ìbọn ni wọ́n fi gbà á. Ní ọdún 2020, àga kan yìí ti tó láti pinnu ẹni tí yóò pọ̀ jù nílé ìgbìmọ̀.

Dumelo kò kó ẹrù rẹ̀ kúrò lẹ́yìn tó fìdí rẹmi, èyí ni ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ tó ń ṣe òṣèlú kò lè ṣe. Nígbà tí NDC fẹ́ yan olùdíje ní ọdún 2023, ẹni tó fẹ́ bá a du tíkẹ́ẹ̀tì, tí òun náà wá láti inú iṣẹ́ fíìmù, yọwọ́ kí ọjọ́ tó pé. Lydia Alhassan ní tirẹ̀ ti di mínísítà fún ìmọ́tótó àti omi ní ọdún 2024. Ipò ńlá ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó dé ọwọ́ rẹ̀ kò dára. Gánà ti dá sísan ọ̀pọ̀ gbèsè ilẹ̀ òkèèrè rẹ̀ dúró ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, oṣù tí ọ̀wọ́n ọjà fi dé ìdá 54.1 nínú 100, ìjọba sì ti lọ yá bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ́wọ́ IMF. Kò sí mínísítà tó lè fi omi ẹ̀rọ pa iná tí iye owó búrẹ́dì dá sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, Dumelo jáwé olúborí. Ogún ọdún NPP parí. John Mahama padà sílé ìjọba, NDC sì gba ilé ìgbìmọ̀ pẹ̀lú àṣẹ́kù tó pọ̀. Dumelo di igbákejì mínísítà fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ní ilé-iṣẹ́ kan náà tí Bryan Acheampong ṣe mínísítà rẹ̀ nínú ìjọba tó lọ. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lẹ́nu òṣèré nínú fíìmù yóò ní wọ́n ti ṣe é jù.

Ṣé ìbọn Bawaleshie ló lé NPP kúrò? Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀. Ebi àti gbèsè ló gbé NDC wọlé ní ọdún 2024 káàkiri Gánà, àti ní àwọn ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti yìnbọn. Ṣùgbọ́n ẹkùn tí NPP ti ń dì mú nígbà tí ìjọba kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ẹkùn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ ní ọdún 2020, ọdún méjì kí ọ̀wọ́n ọjà náà tó dé góńgó. Ohun kan ti já kí ìjì tó dé.

Àwọn ará Èkó tó bá ń ka èyí yóò ti máa ronú kan Ẹ̀tì-Ọ̀sà, ẹkùn ìdìbò tí Lekki àti Ajah wà nínú rẹ̀, wọn kò sì ṣìnà. Níbẹ̀ náà, ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun yìnbọn ní ibodè Lekki. Níbẹ̀ náà ni ìgbìmọ̀ olùwádìí jókòó, tí Adájọ́ Doris Okuwobi jẹ́ alága rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìwé ìpinnu ìjọba Èkó tó tẹ̀lé e takò ohun tó ṣe kókó jù nínú rẹ̀, èyíinì ni pé àwọn ènìyàn mẹ́sàn-án kú níbẹ̀. Níbẹ̀ náà ni gbajúmọ̀ kan ti díje, olórin Bánkọ́lé Wellington tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Banky W: ó díje lábẹ́ ẹgbẹ́ kékeré kan ní ọdún 2019, ó tún díje lábẹ́ PDP ní ọdún 2023.

Ìyàtọ̀ wà níbi tó parí sí. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Thaddeus Attah ti Labour Party, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó dìbò fún un kì bá ti mọ̀ bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ló gba àga náà pẹ̀lú ìbò 24,075. Banky W ní 18,666. Bàbájídé Ọbáníkòró ti APC, tó wà lórí àga náà, ló ṣe ìkẹta. Nítorí náà, kì í ṣe òkìkí ló ń gbé ènìyàn wọlé ní irú ẹkùn báyìí, bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa Dumelo ṣe rò. Banky W lókìkí tó Dumelo. Ohun tí Dumelo ní ni ẹgbẹ́ ńlá kan tí kò sá fún ẹkùn náà fún ogún ọdún tí ó fi ń pàdánù níbẹ̀, tí ó ní aṣojú ní gbogbo ibùdó láti bu ọwọ́ lu ìwé èsì kí wọ́n tó gbé e kúrò. Banky W yí ẹgbẹ́ padà láàárín ìdìbò méjì. Attah ní tirẹ̀ gun ẹ̀yìn ìjì Peter Obi, ìjì tó fún Labour Party ní ìbò 582,454 ní ìpínlẹ̀ Èkó fún ipò ààrẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní ìdìbò gómìnà, ìbò Labour Party ní Èkó di 312,329. Ìdìbò méjèèjì kì í ṣe fún ipò kan náà, olùdíje kan náà kọ́, ìdí púpọ̀ sì lè wà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìdí náà hàn sí gbogbo ayé ní ọjọ́ náà: àwọn jàǹdùkú dúró ní ẹnu ọ̀nà ibùdó, wọ́n ń lé àwọn tí ojú tàbí orúkọ wọn kò tẹ́ wọn lọ́rùn padà sílé. Àwọn alákìíyèsí láti òkèèrè kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Èkó kò gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kankan kalẹ̀ tí mínísítà tàbí kọmíṣánnà yóò jókòó síwájú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kí ó sọ pé òun ló fọwọ́ sí i. Àjọ tí yóò máa fẹ̀sùn kan àwọn ọ̀daràn ìdìbò, tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Uwais dábàá láti ọdún 2008, kò tíì di ohun tí ojú ń rí. Bí White Paper Gánà ti burú tó, ẹ̀rí tó da nù wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, ará Ayawaso West Wuogon sì mọ ẹni tó ń bínú sí nígbà tó dé iwájú àpótí ìbò. Ará Ẹ̀tì-Ọ̀sà tí wọ́n lé padà ní oṣù Kẹta ọdún 2023 kò ní orúkọ kankan lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ti ọmọ ìta tó rí.

Àwọn ará Gánà pàápàá kò tíì bọ́ nínú rẹ̀. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2025, wọ́n tún ìbò dì ní ibùdó 19 ní Ablekuma North, ẹkùn ìdìbò mìíràn ní ìlú Accra yìí kan náà. NDC ló wà lórí àlééfà báyìí. Àwọn jàǹdùkú ya bo ibùdó kan, wọ́n lu Hawa Koomson ti NPP, mínísítà tẹ́lẹ̀ rí, níṣojú àwọn ọlọ́pàá. Àwọn kan ní ó tọ́ sí i, nítorí òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní ọdún 2020 pé òun yin ìbọn sókè ní ibi tí wọ́n ti ń forúkọ olùdìbò sílẹ̀ ní Kasoa. Èyí tó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n rí ìdí láti sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe ẹnì kan lẹ́jọ́ lórí Bawaleshie, bóyá ìbọn Kasoa kì bá ró. Bí wọ́n bá sì ti ṣe ẹjọ́ Kasoa bó ti yẹ, kò sẹ́ni tí yóò máa wá ìgbẹ̀san lára obìnrin náà lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Ẹgbẹ́ NDC tí ó fà sẹ́yìn nínú ìdìbò Ayawaso West Wuogon nítorí jàǹdùkú ni ó ń ṣe ìjọba nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀. Act 999 wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìròyìn ìgbìmọ̀ Emile Short wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, gbogbo àbá tí NPP kọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, Dumelo sì jókòó nínú ìjọba náà gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn ará Bawaleshie. Ìdìbò gbogbogbò mìíràn ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2028.